Bátìrì Tó Ń Sùn Lórí Àpótí

Bí mo bá gbóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tó ti ń bàjẹ́, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn irin tútù, ibì kan ṣoṣo ni ọkàn mi máa ń lọ: pálọ̀ bàbá mi ní Gonzagueville, ní Abidjan, láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó yọ lórí òkun. Òórùn bátìrì ọkọ̀ ni. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń jí sí òórùn àkàrà tàbí ti búrẹ́dì gbígbóná. Òórùn kíkan àtìẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí obìnrin ilé kejì ń ṣe, náà máa ń wọlé tọ̀ wá, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n bátìrì ló ń kọ́kọ́ dé imú mi, torí pé pálọ̀ kan náà la jọ ń sùn. Òun ń sùn lórí àpótí ìjókòó, wọ́n á fi táwẹ̀lì bò ó. Èmi ń sùn lórí ẹní, nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà létí òkun ní Port-Bouët á rántí pé kò sóhun tí iyọ̀ kì í jẹ níbẹ̀. Ó ń jẹ ilẹ̀kùn, ó ń jẹ páànù orí ilé, ó jẹ kọ́kọ́rọ́ kan mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ títí tó fi ṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, abọ́ àti ike ló ń tà ní ọjà Adjamé. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló fi ń kó wọn, èyí tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní báṣé. Bàbá mi kò bẹ̀rù ọ̀nà, kò bẹ̀rù ọlọ́pàá. Ohun tó ń bẹ̀rù ni àárọ̀ tí èèyàn á yí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ kò ní dáhùn. Nítorí náà, bó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á ṣí kapó ọkọ̀, á tú wáyà dúdú, á tú pupa tẹ̀lé e, á sì gbé bátìrì náà mọ́ àyà wọlé bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ọsibítù. Ó ní olè kò ní í rí i jí, iyọ̀ kò sì ní í rí i jẹ.

Ó ní bátìrì kò gbọdọ̀ fara kan sìmẹ́ńtì. "Sìmẹ́ńtì a máa fa agbára mu," ni ó wí.

Èmi tí mo wà lórí sìmẹ́ńtì kan náà bi í léèrè pé, "Bàbá, èmi ńkọ́?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ? Kí ni wọ́n fẹ́ fà lára ẹ?"

Mo tẹ̀ lé e lọ ní ọjọ́ tó lọ rà á, lọ́dọ̀ Dírísà, ọkùnrin Júlà kan tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Adjamé. Bí èèyàn ṣe ń ra àgbò Iléyá ni bàbá mi ṣe ra bátìrì yẹn. Ó gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wọn ìwúwo wọn, torí pé ó ní èyí tó bá fúyẹ́, irin inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹnu lásán ni. Ó yẹ ìdí wọn wò bóyá ó ti wú. Ó wá àmì oṣù tí wọ́n ṣe wọ́n, tí wọ́n tẹ̀ sára wọn, ó ní bátìrì tó bá ti pẹ́ lórí àtẹ dà bí iṣu tó kọjá ọdún, ara ń dán, inú ti gbẹ. Nígbà tó tẹrí ba tó ń gbóòórùn ìkẹjọ, Dírísà fọwọ́ lẹ́rán.

"Vieux," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà níbẹ̀, "ṣé ẹ máa pa á jẹ ni?"

"Bó bá jẹ́ àgbò ni," bàbá mi dá a lóhùn, "ẹ̀ẹ̀kan ni màá pa á. Èyí, ojoojúmọ́ ni màá máa pè é."

Dírísà kọ́ ọ ní ìtọ́jú rẹ̀, bàbá mi sì sọ ọ́ di òfin ilé. Kí omi inú rẹ̀ máa bo àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀. Kí ó má kún dé ẹnu. Omi tí kò ní iyọ̀ rárá, tí wọ́n ti sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lábẹ́ orúkọ ò-dísítílé, òun nìkan ni kí a bù sí i. Omi kànga, rárá. Omi ẹ̀rọ, rárá. Kí a máa fi omi gbígbóná fọ orí méjèèjì tí wọ́n ń so wáyà mọ́, kí a sì fi gíríìsì pa á. Nítorí gíríìsì kò sí nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òrí tí Ìyá Àgbà gbé bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi fi pa á, ó sì rí i pé ó dára. Láti ìgbà náà ni bátìrì wa ti ń rùn bí arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò gbà bẹ́ẹ̀. "Òrí tí mo fi ń pa orúnkún," ó ní, "ẹ̀rọ ni ẹ fi ń pa lára. Bóyá òun náà ní làkúrègbé."

Iṣẹ́ tèmi, láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni láti ṣí ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orí bátìrì ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí n wo omi rẹ̀, kí n fi ìgò ọmú àbúrò mi bu ò-dísítílé kún un. Àpọ́nlé ni bàbá mi pe èyí. Èmi mọ̀ pé ikú ni. Mo ti rí i tí iná tàn ṣá nígbà tí wáyà kan fara kan ibi tí kò yẹ. Mo ti rí i tí omi inú rẹ̀ kán sórí ṣòkòtò iléèwé mi, tí ìyá mi fọ aṣọ náà tó sì bá ihò níbi tí aṣọ wà tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé ohun tó wà nínú àpótí dúdú yẹn ń sùn ni, kò sì dára kí èèyàn jí i láìkí i. Nítorí náà mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ẹ káàárọ̀ sà." Lẹ́yìn náà màá ka Fátíà kan kí n tó ṣí ìdérí kan. Ihò mẹ́fà, Fátíà mẹ́fà.

Bàbá mi bá mi lórí ìdọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó wo iwájú mi, ó wo ẹ̀yìn mi.

"Múfú, ta lò ń kí?"

"Bátìrì ni sà."

Ó ronú díẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ máa kí."

Fátíà mẹ́fà yìí ló ń jẹ́ kí n pẹ́ dé iléèwé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Olùkọ́ wa bi mí ní Faransé pé kí ló dá mi dúró, mo ní bátìrì ni. Ó bi mí bóyá wọ́n ní láti tì mí kí n tó sitáàtì. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, àwọn ọmọkùnrin méjì dìde wọ́n sì tì mí láti ẹ̀yìn títí dé ìjókòó mi.

Mo ní láti sọ ti omi Ìyá Àgbà fún yín báyìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Àǹtí Alájà, ló mú ìgò Sámúsámù kékeré kan, omi kànga Mẹ́kà, wá fún un láti Hájì. Ìyá Àgbà fi ìborùn aláwọ̀ ewé dì í, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀. Ó kó gbogbo wa jọ, ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá ń kú lọ ni kí ẹ ṣí i. Kí ẹ kán an sí mi lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án ṣáájú."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ikú ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àgbà máa ń kú bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Á dùbúlẹ̀, á ránṣẹ́ pe bàbá mi ní ọjà, á pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn ìyàwó ilé. Tó bá di ọ̀sán, á béèrè ẹ̀kọ gbígbóná, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gba àwọn aṣọ náà padà. Ṣùgbọ́n kò tíì béèrè omi yẹn rí. Omi yẹn ni a fi mọ̀ pé ikú gidi kò tíì dé.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, mo dọ̀bálẹ̀, mo ka Fátíà, mo ṣí ìdérí kẹta. Ohun kan dún "pss" nínú ihò náà, bíi pé ó fẹ́ dá mi lóhùn. Ẹsẹ̀ mi kò dúró gbọ́ ìyókù. Mo ta ìgò ò-dísítílé nù, gbogbo rẹ̀ sì dà sórí sìmẹ́ńtì. Ìlú kan lẹ́yìn Bassam ni bàbá mi fẹ́ kó ẹrù lọ lọ́jọ́ náà, kò sí ìsọ̀ tó tíì ṣí, mo sì wo inú àwọn ihò náà: orí irin ti yọ nínú omi. Bàbá mi máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù." Mo ti da omi síwájú, ilẹ̀ ti tutù, ìdí mi ló sì máa gbóná.

Mo ro ó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe lè ro ó. Kànga wa, iyọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ, bàbá ti ní rárá. Omi kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yẹn tí kò ti Abidjan wá, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀ láìṣẹ Ọlọ́run. Ìyá Àgbà wà ní ẹ̀yìnkùlé tó ń ṣàlùwàlá. Mo tú ìborùn aláwọ̀ ewé. Mo bu omi náà sí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, díẹ̀díẹ̀, mo fi Bísímílà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgò náà sì gbẹ. Mo bu omi kànga Gonzagueville láti inú garawa rọ́pò rẹ̀, mo dì í padà bó ṣe wà. Báṣé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ yẹn. Bàbá mi lu kapó rẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́, ó ní, "Bátìrì yìí mọ olówó rẹ̀." Mo ṣe àmín.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Àgbà kò dìde kírun. Ara rẹ̀ ń jó bí ìkòkò orí iná, ojú rẹ̀ pọ́n, ahọ́n rẹ̀ gbẹ. Kò pín aṣọ kankan. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù. Bàbá mi ní kí a gbé e lọ sí ọsibítù, Ìyá Àgbà mi orí.

"Rárá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Ẹ gbé omi mi wá."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Bàbá mi ṣí fìlà lórí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo bí ìyá mi ṣe ń tú ìborùn aláwọ̀ ewé, mo sì rí ohun tó ń bọ̀ kedere: ìyá bàbá mi fẹ́ fi omi kànga ẹ̀yìnkùlé wa kú, omi tí a fi ń fọ àwo, yóò dé ọ̀hún, wọn yóò bi í pé omi wo nìyí, yóò sì dárúkọ Gonzagueville. Ọwọ́ bàbá mi tóbi. Bí mo bá panu mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ìyá mi ti bu ṣíbí kan. Mo ń wárìrì débi pé eyín mi ń lu ara wọn.

"Kì í ṣe òun," ni mo wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ṣíbí ti sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Mo tún un sọ, ó sì jáde lẹ́nu mi bí igbe ewúrẹ́: "Kì í ṣe Sámúsámù ni. Omi kànga ni. Mo ti bu Sámúsámù sínú bátìrì."

Bàbá mi gbé ọwọ́ yẹn sókè. Ìyá Àgbà la ojú kan.

"Má nà án," ó ní. "Àjàní, wá síbí." Oríkì mi ni Àjàní. Mo fà sún mọ́ ọn. "Inú kí lo ní o bu omi mi sí?"

"Inú bátìrì, Ìyá."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Ìyá. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

Ó la ojú kejì. "Ọkọ̀ yẹn, ṣé ó ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ló dáhùn."

Ó wo ṣíbí ọwọ́ ìyá mi bí ẹni tó rí kòkòrò nínú ọbẹ̀. "Ẹ gbé ìyẹn kúrò níwájú mi," ó ní. "Ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù. Èmi ò lè fi omi kànga Gonzagueville kú."

Bàbá mi gbé bátìrì jáde ní àyà, ó so wáyà pupa, ó so dúdú. Ó padà wọlé, ó gbé Ìyá Àgbà jáde bó ṣe gbé bátìrì gan-an. Àwọn ará àdúgbò tó ti péjọ ṣe "pẹ̀lẹ́ o" nígbà àkọ́kọ́, wọ́n tún ṣe é nígbà kejì, n ò sì mọ̀ títí dòní èyí tí wọ́n rò pé ara rẹ̀ kò yá. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ṣe "kẹ-kẹ-kẹ", ó dákẹ́. Mo wà lẹ́yìn lábẹ́ tapólì, mo ka Fátíà kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, báṣé sì hó. Láti iwájú ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan: "Omi mi nìyẹn."

Ibà ni. Wọ́n so omi mọ́ ọn lápá ní ọsibítù, ó ń wo bó ṣe ń kán tó-tó-tó, ó pè mí, ó ní, "Àjàní, bí o ṣe ń ṣe fún tọ̀hún nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n má jẹ́ kó kún dé ẹnu.

Ó padà sílé ní ọjọ́ kẹrin. Bàbá mi nà mí ní ọjọ́ karùn-ún, ó ti ń dúró dè é ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti di èèyàn mìíràn sí bátìrì. Òun ló ń fi òrí pa á báyìí, láìsí ẹni tó rán an. Bí àlejò bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan àpótí náà, á ní, "Rọra, omi mi wà níbẹ̀." Kò dùbúlẹ̀ kú mọ́. Ó ní kí Àǹtí Alájà kọ́kọ́ tún lọ sí Mẹ́kà ná.

Bátìrì ló ṣáájú rẹ̀ kú. Bóyá omi tí mo bù sí i ló pa á, bóyá ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Nígbà tí bàbá mi ra òmíràn, Dírísà ní kó gbé ògbólógbòó náà wá, torí wọ́n máa ń yọ òjé inú rẹ̀ tà. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, ó gbé bátìrì sórí itan.

"Ìyá, òkú ni," bàbá mi bẹ̀ ẹ́.

"Èmi náà, òkú lẹ pè mí ní Sátidé yẹn. Ẹ̀yin kan ti ń ṣí fìlà."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní bátìrì méjì ní pálọ̀ bàbá mi, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń sinmi, wọ́n ra àpótí kejì. Èmi ṣì wà lórí ẹní. Nígbà tí Àǹtí Alájà mú Sámúsámù mìíràn dé, Ìyá Àgbà pè mí, ó da díẹ̀ sínú ìgò ọmú, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Èyí ni ti bátìrì," ó ní. "Èyí tó kù, tèmi ni. Má dà wọ́n pọ̀." Mo bú sẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ló kú nítòótọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n di ṣíbí mú. Ó gbé omi náà mì, ó wò mí, mo mi orí fún un pé òun gan-an ni, ó sì di ojú. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi gbé bátìrì ògbólógbòó náà mọ́ àyà, ó gbé e lọ fún Dírísà. Dírísà gbé e wò, ó ní, "Vieux, èyí ti kú tipẹ́tipẹ́."

"Mo mọ̀," bàbá mi wí.

Irùngbọ̀n mi ti funfun báyìí. Mo ń ta aṣọ ní Treichville, mo ní ọkọ̀ kékeré kan, mo ṣì ń gbé létí òkun. Bátìrì tí mo rà, irú èyí tí wọ́n dí pa ni, kò ní ìdérí, kò ní ihò. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ọ̀làjú ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ihò mẹ́fà yẹn ló ń bà mí. Mekaníìkì sọ fún mi pé, "Tonton, ẹ kò ní í bu omi sí i. Orí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa fọ̀." Àní ìyẹn, mo ń sọ pé lọ́la.

Ní oṣù tó kọjá, Sàlámátù ìyàwó mi dúró tòun ti ẹrù láàárọ̀, a ń lọ sí ọjà, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò fọhùn. Mo ṣí kapó. Iyọ̀ funfun ti bo orí bátìrì bí ìyẹ̀fun. Sàlámátù yọjú wò ó láti ẹ̀gbẹ́ mi.

"Bàbá Ràímì, ìgbà wo lẹ fọ èyí kẹ́yìn?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni," ni mo wí, kíá, láìwárìrì. "Afẹ́fẹ́ òkun yìí ni, kò dáa."

Ó lọ gbé omi gbígbóná wá. Mo tú wáyà dúdú, mo tú pupa, mo gbé bátìrì náà mọ́ àyà, n ò sì gbé e sílẹ̀. Mo ń wá àpótí kiri nínú ọgbà, èmi bàbá ọlọ́mọ márùn-ún, títí Sàlámátù fi ti àpótí ìdáná rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo fọ ọ́, mo fi òrí pa á. Ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí kọ́kọ́rọ́, mo sì ń ro ọmọ kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, tí ọwọ́ ńlá kan ń dúró dè é, tó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọn kò gbọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Èmi, kò sẹ́ni tó máa nà mí.

"Sàlámátù," mo ní, "kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ó ń to ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Mo mọ̀," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, kó tó tún kú."